Ìkéde Tó Dé Lẹ́yìn Ọjọ́

ÌBÉÈRÈ

 

Ìpele 300 ni mo wà ní fásitì kan ní Ìbàdàn, èmi sì ni píárọ́ọ̀, ìyẹn alukoro, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ fákọ́tì wa ní sáà yìí. Nígbà tí mò ń polongo ìbò, mo rò pé ẹni tó bá ti lẹ́nu lè ṣe é. Mo ti wá rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mò ń gbé ìkéde síta: àpérò, ìpàdé gbogboogbò, ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́, bọ́ọ̀lù, ibi tí wọ́n ti ń gba akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ (IT). Mo ń fi í sórí WhatsApp, mo sì ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó ẹnu ọ̀nà. Wọn kì í kà á. Tí ọjọ́ bá kọjá tán ni wọ́n á yí mi po: "Píárọ́ọ̀, ẹ ò sọ fún wa!" Ẹnì kan tiẹ̀ sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn pé àwọn ọ̀rẹ́ mi nìkan ni mò ń ta lólobó. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí gan-an.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ti ìkéde ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ kan tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi. Orúkọ iléeṣẹ́ ńlá kan wà lórí rẹ̀, àwòrán rẹ̀ mọ́ rekete. Wọ́n ń gba nọ́ńbà ìdánimọ̀ báńkì, BVN, wọ́n ń gba ti ọmọ orílẹ̀-èdè, NIN, wọ́n sì ń gba owó fọ́ọ̀mù. Mo dá a dúró. Àwọn ẹgbẹ́ mi wá ní mò ń dínà ire mọ́ àwọn, wọ́n ní ṣé ẹ̀yáwó ìjọba náà kì í béèrè BVN ni? N kò rí èsì fún wọn.

Ẹ jọ̀ọ́, ibo ló yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ti forúkọ sílẹ̀ fún ìdìbò? Ọmọ Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni mí. Àwọn kan ní kí á forúkọ sílẹ̀ nílé-ẹ̀kọ́, àwọn kan ní ilé bàbá ẹni ló dáa. Wọ́n ní kí n kọ ìkéde lé e lórí, n kò sì mọ èyí tí màá kọ.

Èyí tó kẹ́yìn ni kò jẹ́ kí n rí oorun sùn. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn olóṣèlú kan wá bá wa pé kí á kéde "ètò ìrónilágbára" kan fún akẹ́kọ̀ọ́, kí á kọ ọ́ bíi pé ẹgbẹ́ wa ló gbé e kalẹ̀. Wọ́n ní owó dátà mi fún sáà yìí ti dé. Ààrẹ ẹgbẹ́ wa ní kí n má fi falẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Èmi ni, Píárọ́ọ̀ tí wọn kì í ka ìkéde rẹ̀, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN

Ọmọ mi, o kú ìrọ́jú. Ọ́fíìsì ìròyìn ilé-ẹ̀kọ́ gíga ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, nítorí náà kò sí èébú tí wọ́n bú ọ tí kò tíì kàn mí rí. Ẹni tó ń kéde kì í sábà gbọ́ "ẹ ṣeun". Ìgbà tó bá gbàgbé ni wọ́n máa ń rántí pé ó wà níbẹ̀. Jẹ́ kí n ti ibi tó dùn ọ́ jù bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ẹ̀sùn pé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ nìkan lò ń ta lólobó.

Mo gbà pé irọ́ ni. Àmọ́ wo ọjọ́ tí àwọn ìkéde rẹ ń jáde, kí o fi wé ọjọ́ tí nǹkan ń parí. Ká ní ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ kan yóò kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Wọ́n ń béèrè lẹ́tà láti ọwọ́ olùkọ́ méjì, èsì ìdánwò tó ní òǹtẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́, àti ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ láti káńsù. Ìwọ gbé e síta lọ́jọ́rú. Ta ni yóò rí i ṣe? Ẹni tó ti kó àwọn ìwé yẹn jọ tẹ́lẹ̀ ni, tàbí ẹni tí bàbá rẹ̀ mọ akọ̀wé káńsù, tàbí ẹni tí olùkọ́ mọ̀ lórúkọ tó lè kanlẹ̀kùn rẹ̀ láìbẹ̀rù. Ọmọ tó gbọ́dọ̀ wọkọ̀ lọ sí ìlú rẹ̀ kó tó rí ìwé ìbílẹ̀ gbà ti bọ́ síta kó tó ka ìkéde rẹ tán. Ìwọ kò yan ẹnikẹ́ni, ọjọ́ tí o gbé e síta ló bá ọ yàn wọ́n. Ẹni tó ń bú ọ kò mọ bí yóò ṣe sọ ọ́, ló fi pè é ní ojúsàájú, ṣùgbọ́n ohun tó rí kì í ṣe àlá.

Nítorí náà, nígbà tí ìkéde bá dé ọwọ́ rẹ, má wo ọjọ́ tí ó máa parí nìkan. Wo àwọn ìwé tí wọ́n ń béèrè, kí o bi ara rẹ léèrè pé èwo nínú wọn ló máa ń pẹ́ jù kó tó jáde, kí o wá ti ọjọ́ ìparí ka ọjọ́ padà sẹ́yìn. Lẹ́tà olùkọ́ kì í yá lásìkò tí wọ́n ń máàkì ìdánwò. Òǹtẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kì í yá nígbàkugbà. Bí ìkéde náà bá pẹ́ kó tó dé ọwọ́ ìwọ fúnra rẹ, kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Àná ni èyí dé ọwọ́ wa." Ìyẹn nìkan á pa ẹnu púpọ̀ mọ́. Ohun mìíràn tó tún ṣe pàtàkì ni pé ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń padà wá lọ́dọọdún ní àkókò kan náà. Kọ ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jáde lọ́dún yìí sínú ìwé kan. Lọ́dún tó ń bọ̀, ẹni tó bá wà lórí àlééfà lè kìlọ̀ fún àwọn èèyàn kí ilẹ̀kùn tó ṣí rárá, pé kí wọ́n lọ tọ́jú ìwé wọn.

Ní ti pé wọn kì í kà á, má tíì pè wọ́n ní ọ̀lẹ. Láyé àtijọ́, akéde kì í lu agogo lọ́sàn-án gangan nígbà tí ará ìlú wà lóko. Àṣálẹ́ ló ń jáde, nígbà tí àwọn èèyàn bá ti wálé, tí iná ti ń jó ní ààrò. Agogo á kọ́kọ́ dún kí etí lè ṣí, lẹ́yìn náà ni yóò sọ ẹni tó rán an, ohun tí wọ́n fẹ́ kí ìlú ṣe, àti ọjọ́. Kò ní ju ìyẹn lọ, ó ti di àdúgbò kejì. Ìwọ ńkọ́? Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé aago mẹ́wàá àárọ̀ lo máa ń fi tìrẹ síta, nígbà tí wọ́n wà nínú kíláàsì, tí yóò fi di ìrọ̀lẹ́ tí àwàdà àti àríyànjiyàn bọ́ọ̀lù ti bò ó mọ́lẹ̀.

Bí ẹ ṣe ń kọ ọ́ náà wà níbẹ̀. Mo ti ka ìkéde akẹ́kọ̀ọ́ tí ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀ jẹ́ oríkì fákọ́tì, èkejì jẹ́ ìkíni láti ọ̀dọ̀ ààrẹ, igbákejì ààrẹ àti akọ̀wé, tí àwòrán gbogbo wọn sì gba ìdajì ìwé. Wákàtí ìpàdé wà nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́tà rẹ̀ kéré débi pé o ní láti fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù kó tó ṣe é kà. Ìgbéraga ni, ẹ má bínú. Wo èyí:

"Ìpàdé gbogboogbò, Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, gbọ̀ngàn fákọ́tì. A ó dìbò lórí bóyá kí owó ẹgbẹ́ pọ̀ sí i. Ẹni tí kò bá wá, àwọn tó wá ni yóò bá a pinnu."

Ó parí. Ohun tí wọ́n máa pinnu ló wà níwájú, kì í ṣe ẹni tó pe ìpàdé. Tí o bá kọ "ọ̀pọ̀ nǹkan pàtàkì la ó jíròrò", má retí ẹnikẹ́ni, torí ìpàdé tí kò ní ìdí tó hàn, oorun ọ̀sán dára jù ú lọ. Má sì kọ "ìrọ̀lẹ́" lásán. Ìrọ̀lẹ́ ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́ta, ti ẹlòmíràn di aago mẹ́fà.

Àwòrán nìkan kò tó. Gbogbo yín ló fẹ́ràn àwòrán aláràbarà báyìí, mi ò sọ pé kò lẹ́wà. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ afọ́jú tó ń lo fóònù tó ń ka ọ̀rọ̀ sókè fún un kò ní gbọ́ nǹkan kan nínú àwòrán yẹn. Fóònù rẹ̀ á sọ fún un pé àwòrán nìyí, ó tán. Irú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ wà ní fásitì wa, bóyá o ti pàdé wọn lọ́nà láìmọ̀ pé ìwọ lo ń ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Ẹni tí dátà rẹ̀ kù díẹ̀ náà kò ní ṣí i. Ẹni tó bá sì fẹ́ wá ìkéde ọ̀sẹ̀ tó kọjá kò lè tẹ ọ̀rọ̀ kan kó jáde láti inú àwòrán. Kọ ọ̀rọ̀ náà sísàlẹ̀ àwòrán, gbogbo rẹ̀, láìyọ ọ̀kan. Pátákó ẹnu ọ̀nà náà ṣì wúlò, má gbàgbé rẹ̀. Àmọ́ ẹ máa ya ìwé àtijọ́ kúrò. Pátákó tí ìkéde ọdún tó kọjá ṣì wà lórí rẹ̀ ti kọ́ àwọn èèyàn pé kò sí ohun tuntun níbẹ̀.

Kí o tún máa sọ ẹni tí nǹkan tọ́ sí kí o tó sọ ohun tó dára nínú rẹ̀. Lọ́dọọdún ni wọ́n máa ń fi ìkéde Chevening ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ìpele kìíní, wọ́n á sì máa kọ "àǹfààní ńlá rèé" sí i lórí. Ẹni tó ti gboyè àkọ́kọ́, tó sì ti ṣiṣẹ́ bí ọdún méjì, ni Chevening ń wá, torí oyè másítà ni wọ́n ń fi rán èèyàn lọ sí ìlú Ọba. Ọmọ ìpele kìíní tó lo òru mẹ́ta lórí rẹ̀ kò jèrè kankan. Ní ti ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ tí MTN Foundation ń ṣe fún àwọn tó ń kọ́ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ, ọmọ ìpele 300 nílé-ẹ̀kọ́ ìjọba ni wọ́n sábà máa ń wá. Ìwọ gan-an nìyẹn, tí máàkì rẹ bá gbé e. Tí ètò náà bá jẹ́ ti òkè òkun, yí wákàtí ìparí sí ti ilé. Lásìkò òtútù, aago Lọ́ńdọ̀nù ń fi wákàtí kan lọ́ra ju tiwa. Lásìkò ooru wọn, aago wa àti tiwọn dọ́gba. Ti New York ń fi wákàtí mẹ́fà lọ́ra ní òtútù, márùn-ún ní ooru. Mo ti rí ẹni tó sunkún lórí wákàtí kan péré.

Ó kan ọ̀rọ̀ BVN. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ kò jẹ̀bi pátápátá o, òótọ́ ni pé NELFUND, àjọ ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ ti ìjọba, ń béèrè rẹ̀. Òfin ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ tí Ààrẹ Tinubu kọ́kọ́ fọwọ́ sí ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2023 ní àwọn àléébù, wọ́n sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin ọdún 2024. Ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún náà ni ìkànnì ìforúkọsílẹ̀ ṣí. Owó ilé-ẹ̀kọ́ kì í gba ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kọjá, ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń san án fún tààrà. Owó ìtọ́jú tí wọ́n ń fún akẹ́kọ̀ọ́ lóṣooṣù ló ń wọ àpò ìfowópamọ́ rẹ̀, ibẹ̀ ni BVN ti wúlò. Kò sí èlé lórí rẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn tí èèyàn bá sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ tán ni sísan padà ń bẹ̀rẹ̀, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù sì ni wọ́n ń yọ. Wọn kò gba kọ́bọ̀ owó fọ́ọ̀mù.

Ṣé o rí i báyìí? Olóòótọ́ àti gbájúẹ̀ lè béèrè ohun kan náà. Ibi tí wọ́n ní kí o tẹ̀ ẹ́ sí ni kí o fi dá wọn mọ̀. Àdírẹ́sì tó bá parí sí gov.ng, ilé iṣẹ́ ìjọba ni wọ́n ń fún. Èyí tó parí sí edu.ng jẹ́ ti ilé-ẹ̀kọ́. Ẹnikẹ́ni ló lè ra com.ng tàbí org.ng, kí ó sì fi orúkọ tó wù ú síwájú rẹ̀. Bó bá jẹ́ ti iléeṣẹ́ aládàáni, má tẹ ìlà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọ. Fọwọ́ ara rẹ kọ àdírẹ́sì iléeṣẹ́ náà, wọ ibẹ̀, kí o wo bóyá ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ náà wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá ti béèrè owó kí wọ́n tó fún ọ lówó, tàbí nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ káàdì rẹ, tàbí àwọn nọ́ńbà tí báńkì ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ, má wulẹ̀ ṣe ìwádìí kankan mọ́. Gbájúẹ̀ ni.

O ṣe dáadáa tí o dá a dúró. Àmọ́ má dá a dúró ní ìdákẹ́jẹ́. Kọ ọ́ síta: "Wọ́n fi ìkéde ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ kan ránṣẹ́ sí wa. Mo wá a lórí ìkànnì iléeṣẹ́ náà lọ́jọ́ Ajé, n kò rí i. Wọ́n ń gba owó. A kò ní gbé e síta. Ẹni tó bá rí ẹ̀rí mìíràn, kó mú un wá." Wọ́n á rí iṣẹ́ tí o ṣe, ìjà á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Èèyàn kì í bínú sí ẹni tó fi ọ̀nà tó gbà hàn án tó bó ṣe ń bínú sí ẹni tó kàn ní "rárá".

Ọ̀rọ̀ ìforúkọsílẹ̀ ìdìbò ni mo fẹ́ jókòó tì díẹ̀. Àwọn tó ń bá ọ jiyàn ń fi ìfẹ́ ìlú ẹni dá a lóhùn, bẹ́ẹ̀ kàlẹ́ńdà ló ni ọ̀rọ̀ náà. Òfin gbà fún ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 18 láti forúkọ sílẹ̀ níbi tó ń gbé, tàbí ibi tó ti ń ṣiṣẹ́, tàbí ibi tó ti wá. Ọ̀kan ṣoṣo ni yóò mú, ẹ̀ṣẹ̀ ni láti forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́jọ́ ìdìbò, ibùdó tí orúkọ rẹ wà nìkan ni o ti lè tẹ̀ka. Nítorí náà ìbéèrè tó yẹ kí o gbé síwájú wọn ni: níbo lo máa wà lọ́jọ́ náà?

Gbé ìdìbò ọdún 2023 yẹ̀ wò. Ìforúkọsílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà ọdún 2021, ó parí ní ọjọ́ 31 oṣù Keje ọdún 2022. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 2022, ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ fásitì, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì, wọn kò sì padà sẹ́nu iṣẹ́ títí di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá. Oṣù márùn-ún ààbọ̀ tó kẹ́yìn nínú ìforúkọsílẹ̀, ilé ni akẹ́kọ̀ọ́ fásitì ìjọba wà. Ọ̀pọ̀ sì forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí ó di gbígba káàdì ìdìbò, láti oṣù Kejìlá títí wọ oṣù Kejì ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ti padà sílé-ẹ̀kọ́, káàdì sì wà nílé ń dúró dè wọ́n. Kò sì sí pé bùrọ̀dá tàbí ìyá máa bá èèyàn gbà á, onítọ̀hún ni INEC, àjọ elétò ìdìbò, ní kó wá. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ nínú ọgbà tẹ́lẹ̀ náà tún ní tiwọn: NUC, àjọ tó ń bójú tó àwọn fásitì, ní kí gbogbo fásitì tì láti ọjọ́ 22 oṣù Kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2023. Ọjọ́ 25 oṣù Kejì ni ìdìbò ààrẹ. Ẹni tó ń gbé họ́sítẹ̀lì, tí ìlú rẹ̀ sì jìnnà, ti lọ sílé, ibùdó ìdìbò rẹ̀ wà nínú ọgbà tó ṣófo. Ìdìbò gómìnà tí wọ́n ti fi sí ọjọ́ 11 oṣù Kẹta sì tún sún sí ọjọ́ 18, lẹ́yìn tí ọjọ́ títì ilé-ẹ̀kọ́ ti pé. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ dìbò méjèèjì nílé gbọ́dọ̀ pinnu bóyá yóò pẹ́ kó tó padà sílé-ẹ̀kọ́.

Ní ọdún yẹn, àwọn tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ ni àwọn jẹ́ 26,027,481 nínú 93,469,008 tó forúkọ sílẹ̀. Kò sí iṣẹ́ mìíràn tí iye rẹ̀ tó tiwọn: ẹ ju àgbẹ̀ lọ, ẹ ju oníṣòwò lọ. Nǹkan bíi 27 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ló sì jáde wá dìbò ààrẹ. Mi ò ní sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ ni kò jáde. Mo kàn mọ̀ pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà ní Ìbàdàn tí òun sì wà ní Ìkẹ́rẹ́ kò lè jáde bó tilẹ̀ fẹ́.

Ìmọ̀ràn mi rèé. Ẹni tó ń gbé họ́sítẹ̀lì, tí wọ́n á lé jáde nígbàkígbà tí wọ́n bá ti ilé-ẹ̀kọ́, kí ó forúkọ sílẹ̀ nílé. Ẹni tó gba yàrá síta, tí kì í lọ sílé nígbà ìsinmi, tó ti ń kùn nípa iná àti ojú ọ̀nà Ìbàdàn láti ọdún kìíní, kí ó forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, kí kùn-ún-kùn-ún rẹ̀ lè ní ìtumọ̀. Ìwọ tó jẹ́ ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ní ohun kan láti rò sí i: ìdìbò gómìnà Èkìtì, Ọ̀ṣun àti Oǹdó kì í bọ́ sí ọjọ́ kan náà pẹ̀lú ti àwọn yòókù. Ní ọdún 2022, Èkìtì dìbò tirẹ̀ ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà, Ọ̀ṣun ní ọjọ́ 16 oṣù Keje. Oǹdó dìbò ní ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá ọdún 2024. Wọn kì í ti fásitì Ìbàdàn torí ìdìbò Èkìtì. Bí orúkọ rẹ bá wà nílé, o máa ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ lọ lọ́jọ́ Ẹtì, o lè pa kíláàsì kan jẹ. Bí ó bá wà ní Ìbàdàn, ìbò gómìnà Ọ̀yọ́ lo máa dì, ti Èkìtì ti kọjá ọ. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ kan náà ni àjọ tó ń ṣe ìdìbò káńsù ní ìpínlẹ̀ ń lò, nítorí náà alága káńsù tí o lè yàn náà wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ti forúkọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ tó fẹ́ yí ibùdó padà lè ṣe é, kó má tún forúkọ sílẹ̀ bí ẹni tuntun.

Ohun tí ìwọ máa kéde wá ni pé ìforúkọsílẹ̀ kì í dúró de ọ̀sẹ̀ ìdìbò. Ní ọdún 2022, oṣù mẹ́fà àti ààbọ̀ ó lé ló wà láàárín ìgbà tí ó tì àti ọjọ́ tí wọ́n dìbò. Gbogbo ìwé ńláńlá tí wọ́n lẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2023 pé "ẹ jáde wá dìbò" ti pẹ́ jù fún ẹni tí kò ní káàdì. Lẹ̀ tìrẹ nígbà tí ìforúkọsílẹ̀ ṣí, tún lẹ̀ ẹ́ nígbà tí ó kù díẹ̀ kó tì, kí o sì lẹ̀ ẹ́ nígbà tí káàdì bá jáde. INEC tún máa ń gba akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga mọ́ àwọn àgùnbánirọ̀ fún iṣẹ́ ọjọ́ ìdìbò. Orí ìkànnì tiwọn ni wọ́n ti ń gbà á, kò sí owó níbẹ̀. Sọ fún àwọn tó bá fẹ́ ṣe é pé ibi tí wọ́n bá rán wọn lọ lè jìnnà sí ibùdó tiwọn, wọ́n lè má rí ìbò tiwọn dì.

Ó ku olóṣèlú àti owó dátà. Má gbà á. Mi ò ní kí o má kéde ètò wọn o. Akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ̀ pé ẹni tó fẹ́ ìbò wọn ń bọ̀ wá pín nǹkan. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí orúkọ olówó wà lórí ohun tí olówó ṣe. Kọ ọ́ pé: "Ètò yìí, ti ẹni báyìí ni, òun ló ń náwó rẹ̀, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kò sí nínú rẹ̀." Bí wọ́n bá kọ̀ kí o kọ bẹ́ẹ̀, o ti mọ ohun tí wọ́n fẹ́ rà. Orúkọ ẹgbẹ́ ni. Tí ẹgbẹ́ yín bá sì fẹ́ máa gba owó lórí ìkéde, kò burú: ẹ kọ iye rẹ̀ síta, kó jẹ́ iye kan náà fún gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú, kó wọ àpò ẹgbẹ́, kí akápò já rìsíìtì. Kò gbọ́dọ̀ gba inú fóònù píárọ́ọ̀ kọjá.

Ààrẹ yín ńkọ́? Fi ọ̀wọ̀ sọ fún un pé kó kọ àṣẹ náà sílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, pé kí o kéde ètò olóṣèlú yìí lórúkọ ẹgbẹ́. Mi ò rò pé yóò kọ ọ́. Bó bá kọ ọ́, gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀ olóyè, ẹ jọ dìbò lé e, kí akọ̀wé kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, ọ́fíìsì tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ń fọwọ́ sí ìwé kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́; bi wọ́n léèrè níbẹ̀, ìyẹn náà á gbà ọ́ lọ́wọ́ ìjà.

Orúkọ tí wọ́n fẹ́ fi dátà rà yẹn ti ná àwọn kan lóhun tó ju owó lọ. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1960, nígbà tí òmìnira kò tíì pé oṣù méjì, akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn lọ sí Èkó lọ fẹ̀hónú hàn sí àdéhùn ààbò tí Nàìjíríà bá Gẹ̀ẹ́sì ṣe. Ní oṣù Kìíní ọdún 1962, wọ́n fagi lé àdéhùn náà. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 1971, ọlọ́pàá yìnbọn pa Kúnlé Adépéjù nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, níbi ìwọ́de tó bẹ̀rẹ̀ lórí oúnjẹ. Orúkọ rẹ̀ ni ilé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ń jẹ́ títí dòní. Lọ wò ó lọ́jọ́ kan tí o bá ráyè.

Tí ẹ bá sì fẹ́ ètò òṣèlú tí ẹgbẹ́ lè fi orúkọ ara rẹ̀ sí, ẹ pe gbogbo àwọn tó ń díje fún ìjókòó ilé aṣòfin àdúgbò yín wá sí gbọ̀ngàn kan náà lọ́jọ́ kan náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ìbéèrè ránṣẹ́ ṣáájú, kí ẹ lẹ ìbéèrè náà mọ́ pátákó kí wọ́n tó dé. Ẹni tí kò bá wá, ẹ fi orúkọ rẹ̀ sórí àga òfìfo. Láti ìgbà tí Ààrẹ Buhari ti fọwọ́ sí òfin "Not Too Young To Run" ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 2018, ẹni ọdún 25 lè du ìjókòó ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ àti ilé aṣojú-ṣòfin. Àwọn kan nínú kíláàsì yín kò jìnnà sí i mọ́. Ó dára kí wọ́n wá wo bí wọ́n ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ èèyàn.

Nǹkan kan tí o kò béèrè, mà á sọ ọ́ fún ọ: sáà rẹ á parí, píárọ́ọ̀ mìíràn á wọlé. Ìwé tí o kọ ọjọ́ ìkéde sí, ọ̀rọ̀ aṣínà ìkànnì ẹgbẹ́, àti àkọsílẹ̀ àwọn tó ń fi ìkéde ránṣẹ́ sí ọ, kó wọn lé e lọ́wọ́ kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìdánwò, tó bá pè ọ́, o kò ní gbé fóònù.